Pọ́ǹpù Tí Ń Ránṣẹ́ Fúnra Rẹ̀

  Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ó sì lè ya àwọn kan lẹ́nu bí mo bá sọ pé pọ́ǹpù kan wà tí ó ní káàdì síìmù nínú, gẹ́gẹ́ bí fóònù tí ó wà lápò yín. Kì í ṣe àwàdà o.

Ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni agbègbè kan wà tí à ń pè ní Kyuso, ní ìpínlẹ̀ Kitui. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò ibẹ̀ kì í pọ̀, ọ̀pọ̀ odò wọn a sì gbẹ di iyanrìn lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn obìnrin a máa gbẹ́ iyanrìn náà kí wọ́n tó rí omi bù sínú kẹ́ẹ̀gì, tí wọn a sì dì í lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn. Ìjọba àti àwọn aláàánú ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wọn, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé irin rẹ̀ sókè sódò kí omi tó jáde. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ńkọ́? Nígbà tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 27 ni ó máa ń gbà kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìyá tó pọn ìkókó sẹ́yìn, ọjọ́ 27! Odò oníyanrìn náà ni yóò padà sí, ọmọbìnrin rẹ̀ a sì máa pẹ́ dé ilé ìwé, bí ó bá tilẹ̀ lọ.

Kí ló ń fa ìdádúró yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò gbọ́. Àwọn ará abúlé yóò kọ́kọ́ pe ìpàdé, wọn yóò dá owó, àwọn kan a ní àwọn kò ní san nítorí pé ọmọ lágbájá ló ba nǹkan jẹ́ (ẹni tó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí), lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó wá mẹkáníìkì lọ.

Ohun tí àwọn olùwádìí náà ṣe rọrùn láti lóye. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan pamọ́ sínú irin ọwọ́ pọ́ǹpù. Ẹ̀rọ yìí ń mọ̀ bí irin náà bá lọ sókè tí ó sì padà wá sílẹ̀, ó ń kà á, láti inú iye tí ó kà ni a sì ti lè fojú dá iye omi tí wọ́n fà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Yóò wá fi iye náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí pọ́ǹpù tí ó máa ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀ bá dákẹ́ lójijì, wọn yóò mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, mẹkáníìkì yóò sì gbéra. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 2013 lórí pọ́ǹpù tí ó lé ní 60, ọjọ́ 27 yẹn wá sílẹ̀ di èyí tí kò pé ọjọ́ 3.

Ní Rùwáńdà náà, wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Níbi tí wọ́n ti fi pọ́ǹpù sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Níbi tí mẹkáníìkì ti ń lọ káàkiri déédéé, ó di 73. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ó di 91. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò di bóòtù kan. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ tí wọ́n rán, bátìrì wọn ni yóò kú lásán.

Owó sì ńkọ́? Láti inú iṣẹ́ Kyuso ni ilé iṣẹ́ kan ti jáde tí ń jẹ́ FundiFix, ní Kitui àti Kwale. Àwọn ará abúlé ń dáwó fún un déédéé, òun náà sì ń tún pọ́ǹpù wọn ṣe kíákíá. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń san kò tó gbé gbogbo ìnáwó, àwọn olùrànlọ́wọ́ ló ń fi kún un. N kò ka èyí sí àbùkù. Omi ìlú ńlá pàápàá, ìjọba a máa fi owó kún un.

Ohun kan wà tí ó ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ní Kẹ́ńyà kan náà, ní 2012, ilé iṣẹ́ M-KOPA bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná oòrùn fún àwọn tálákà, wọ́n ń fi fóònù san án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Káàdì síìmù wà nínú ẹ̀rọ yẹn náà, bí owó bá sì dáwọ́ dúró, ilé iṣẹ́ a pa iná náà láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló bọ́ lọ́wọ́ àtùpà elépo nípasẹ̀ rẹ̀, n kò sì sọ pé kò dára. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wá sí abúlé yín, ẹ bi í léèrè pé ta ni ó ní agbára láti pa á.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìjọ ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń gbẹ́, àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́. A ń kọ orúkọ sára táǹkì, a ń gé ríbọ́ọ̀nù, a ń ya fọ́tò. A kì í sábà kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò tún un ṣe sí ara ògiri. Ísáákì gbẹ́ kànga tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kànga bàbá rẹ̀ tí àwọn Filísínì ti dí ni ó kọ́kọ́ tún gbẹ́.

Nítorí náà, mo ní iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin tí ẹ lọ́wọ́ nínú irú kànga bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ fóònù sílé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bèèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ó bàjẹ́ kẹ́yìn, àti iye ọjọ́ tí ó lò kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má bi alága ìgbìmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa fóònù lé ọmọ tí ń pọnmi lọ́wọ́.