TA LÓ NI ṢÚÚTÌN?

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí mi ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí mo ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pẹ̀lú ìdajì irun lórí, kí ó má ṣe rò pé nǹkan ti ṣe tíṣà. Àríyànjiyàn ló fa á.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ló wọlé wá bu omi mu. Bó ṣe gbọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó ní ìjọba ló ni ẹgbẹ́ Shooting Stars, pé ẹni tó bá ń san owó oṣù èèyàn ni ọ̀gá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní irọ́ ńlá ni, àwa ọmọ Ìbàdàn la ni Ṣúútìn, ìjọba kàn ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn tó ń gòkè lọ sí Màpó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ẹlẹ́kọ kan sì ti sọ igbá kalẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn. Ta ló ni Ṣúútìn?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ́kọ́ bá mi gẹ irun mi tán. Onígbàjámọ̀ ní òun kò ní fọwọ́ kan orí mi mọ́ àfi bí mo bá dáhùn. Ni mo bá dìde, mo fi fìlà bo orí, mo gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn ń fi aṣọ onígbàjámọ̀ lọ́rùn sọ lọ. Ojú ewé yìí ni n óò ti dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, WNDC ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yìí. Ìkékúrú orúkọ Western Nigeria Development Corporation ni, ilé iṣẹ́ ńlá tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ń dá oko ńláńlá, tó fi ń dá ilé ẹ̀rọ sílẹ̀, tó sì fi ń ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ayé ìgbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀: rélùwéè ní tiwọn, UAC ní tiwọn, ọlọ́pàá ní tiwọn. Ṣùgbọ́n níbo ni WNDC ti ń rówó? Lára ohun tó gbé e ró ni owó tí Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù kó jọ lórí kòkó àwọn bàbá wa. Kí ọ̀gbẹ́ni onítáyà fi èyí sọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó sanwó ló ni ín, àwọn àgbẹ̀ tó wà ní àkùrọ̀ àti lábúlé, tí wọn kò fojú kan pápá bọ́ọ̀lù rí, ó yẹ kí wọ́n ti wá gba tiwọn.

Kí WNDC tó gbajúmọ̀, Ibadan Lions ni ìlú fi ń yangàn. Àwọn ló gba ife àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1959, ní 1961, ní 1966 àti ní 1969. Àwọn kan ń ka ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ti Ṣúútìn, èmi kì í sì í bá wọn jà. WNDC gba tirẹ̀ ní 1971. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, Industrial Investment and Credit Corporation, ó sì di IICC Shooting Stars. Àwọn ìyá wa ní Ọjà'ba kò lè pe gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn láìkọsẹ̀. Wọ́n mú "Ṣúútìn" níbẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé.

Abọ́ tánganran ni bàbá mi ń tà ní Ọjà'ba. Kì í mu ọtí, kì í ta ayò, ṣùgbọ́n bí Ṣúútìn bá ń gbá, á ti ṣọ́ọ̀bù, ì báà ṣe pé oníbàárà dúró. Ní 1976, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ọdún tó ṣáájú, Rangers ti Enugu ti dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n Hafia ti Conakry gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tó tíì gba ife Áfíríkà rí. Ṣúútìn wá wọ Cup Winners' Cup, ìdíje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Zamalek ti Íjíbítì sì nà wọ́n ní góòlù 2 sí 0 ní Káírò.

Nígbà tí Zamalek máa wá sí Ìbàdàn, bàbá mi mú mi dání lọ sí Liberty. Pápá yìí ni a ṣí ní 1960, òun ni Dick Tiger àti Gene Fullmer ti jà ní 1963, òun náà ni a sì sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ṣúútìn san góòlù 2 náà padà. Ó di pẹ́náritì, tiwa sì borí. Kí n má purọ́ fún yín, n kò rí ẹyọ kan nínú pẹ́náritì náà. Ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà abetí-ajá ló dúró níwájú mi, ariwo ni mo fi ń kà á.

Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, àwọn gan-an tí wọ́n gba ife náà ní ọdún tó ṣáájú. Roger Milla wà nínú wọn, ẹni tí wọ́n sọ di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. A nà wọ́n ní 4 sí 1 nílé. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ sí Yaoundé, bàbá mi gbé rédíò sójú fèrèsé ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká, àdúgbò sì kún títí dé ẹnu gọ́tà. Tonnerre gbá 1 wọlé. Bí wọ́n bá fi 2 kún un pẹ́nrẹ́n, ife ti lọ nìyẹn, nítorí góòlù 1 tí wọ́n jẹ nílé wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi wọ yàrá lọ, ó ní òun kò lè gbọ́ ọ. Wọn kò fi kún un. Ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ Nàìjíríà nìyẹn, Ìbàdàn ló sì kọ́kọ́ gbé e wá. Ọdún kan náà ni wọ́n gba líìgì.

Ní 1977, Rangers fi pẹ́náritì lé wa kúrò nínú ìdíje kan náà ní Kàdúná, wọ́n sì gba ife náà lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí 0 ní Èkó, tó gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí gbá 2, Muda Lawal gbá 1, Best Ogedegbe sì ṣọ́lé. Ọmọ Ṣúútìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdẹgbàmí kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pọlitẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Muda ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbà á.

Mo ti dé ibi tí ó ń tì mí lójú báyìí. Lẹ́yìn 1980, ẹgbẹ́ mìíràn dìde ní Ìbàdàn yìí kan náà, Leventis United, tí ilé iṣẹ́ Leventis dá sílẹ̀. Owó kò wọ́n wọn, ètò wọn sì mọ́. Mo ti di tíṣà nígbà náà, mo sì rò pé ojú mi ti là ju ti bàbá mi lọ. Ní 1984, Leventis gba Challenge Cup. Lọ́dún kan náà, Ṣúútìn dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Áfíríkà, Zamalek sì nà wọ́n ní Káírò ní 2 sí 0, wọ́n tún nà wọ́n nílé ní 1 sí 0. Lẹ́yìn ìdíje náà ni Ọdẹgbàmí fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo bá bàbá mi níwájú rédíò tí ó ti pa. Kàkà kí n kí i pé ó kú ìrọ́jú, mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú máa bọ̀ ní Leventis. Àwọn lẹgbẹ́ tòótọ́."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ta ló ni wọ́n?"

Mo ní, "Ilé iṣẹ́ Leventis ni, Bàbá."

Ó ní, "Bó bá wá sú wọn ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò lè sú wọn láéláé. Ó sì fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀: ní 1985 wọ́n dé àṣekágbá Cup Winners' Cup, Al Ahly ló borí wọn, ní 1986 wọ́n gba líìgì, wọ́n tún gba Challenge Cup. Nígbà tó di 1987, ilé iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi di ọmọ aláìníbaba ní ti bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè fẹsẹ̀ kan Ọjà'ba. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀gún. Bàbá mi ń fi ìwé ìròyìn di abọ́ fún oníbàárà kan láti Ìsẹ́yìn. Ó nawọ́ àpótí sí mi, mo jókòó. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó ní, "Ṣúútìn ń gbá ní Sátidé. Tètè wá o, kí a ríbi jókòó." Títí ó fi kú, kò dá Leventis sọ fún mi.

Mo ti ro ìbéèrè rẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo tún rò ó nígbà tí mo kà nípa ẹgbẹ́ Jiangsu ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n láti 1958, ní ìlú Nanjing. Ní ìparí 2015, ilé iṣẹ́ Suning, àwọn tó ń ta tẹlifísàn àti firíìjì, rà wọ́n, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn sọ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kọkànlá 2020 wọ́n gba líìgì Ṣáínà, àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ní oṣù kejì 2021, gbèsè ti wọ ilé iṣẹ́ lọ́rùn, ni wọ́n bá pa ẹgbẹ́ tì. Ife náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin lórí pẹpẹ. Ọdún kan náà ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Ṣáínà ní kí ẹgbẹ́ yéé jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́. Ó ti bọ́ fún Jiangsu.

Ẹ wá wo tiwa. WNDC ti lọ. IICC ti lọ. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ pín sí mẹ́ta ní 1976, Ṣúútìn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ọ̀yọ́, ó di 3SC, ó fi Adámásìngbà ṣe ilé, ní pápá tó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Lekan Salami tó ti ṣe alága rẹ̀. Ní 1992, wọ́n gba CAF Cup àkọ́kọ́, ife tí M.K.O. Abíọ́lá fi ta ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rẹ: 0 sí 0 ní Kampala, 3 sí 0 nílé. Ní 1995 wọ́n gba líìgì àti Challenge Cup pọ̀. Ní 1996 Zamalek (àwọn náà ṣáá ni!) fi pẹ́náritì gba ife lọ́wọ́ wọn. Ní 1998 wọ́n tún gba líìgì, kò sì tún sí òmíràn títí di 2025. Ní 2017 wọ́n jábọ́ sí ìpele kejì, ó di 2021 kí wọ́n tó gòkè padà.

Ìdí tí wọn kò fi kú ni pé kò sí gómìnà tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ní Ìbàdàn pé òun tú Ṣúútìn ká títí láé, kí ó sì tún wá bẹ ìbò ní Ọjà'ba. Ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú nìyẹn, òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ẹgbẹ́ tó wà lápò ìjọba, bí ìjọba bá yí padà, àwọn olórí ẹgbẹ́ náà á yí, owó náà á sì dúró de ẹni tí yóò bu ọwọ́ lù ú. Nítorí náà ọ̀gbẹ́ni onítáyà jàre díẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo padà sí Bẹẹrẹ pẹ̀lú ìdajì irun mi. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún onígbàjámọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ ò rí i, Tíṣà? Àwa la ni í!" Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ Adámásìngbà kẹ́yìn. Abẹ dúró létí mi. Fọ́tò Arsenal mẹ́ta ló wà lára ògiri rẹ̀, gbogbo Sátidé ló sì ń sanwó wọ ilé tí wọ́n ti ń fi tẹlifísàn wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà?"

Mo ní kí ó kọ́kọ́ gẹ irun mi tán. Nígbà tó gẹ ẹ́ tán, mo san owó rẹ̀, mo sì fi owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sórí tábìlì: tèmi, tirẹ̀ àti ti onítáyà. Ó ka owó náà. Ó ní kí n fi owó ti ìyá ẹlẹ́kọ kún un, nítorí pé òun ló pariwo jù lọ́jọ́ náà.