ÚNÁÀBÙ KÌ Í ṢE TI ÀGBẸ̀ NÌKAN, TI ỌLỌ́JÀ NÁÀ NI
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ Únáàbù ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé FUNAAB ni wọ́n ń pè é báyìí, àmọ́ ẹnu àwa ọlọ́jà kò tíì yí, Únáàbù náà la ó máa pè é. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn: wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ti àgbẹ̀ nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn, àwa náà sì ń ṣe bí ẹni pé kò kàn wá ju ká dúró sí géètì wọn ká tajà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Ní 1983 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò tíì rìn jìnnà tí ìjọba fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, nígbà tó sì di 1984 wọ́n so ó mọ́ Yunifásítì Èkó, ó di ẹ̀ka tiwọn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988 ni wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni òun àti ti Makurdi ní ìpínlẹ̀ Benue, àwọn méjèèjì sì ni àkọ́bí irú wọn nílẹ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nurudeen Adédípẹ̀ ni Gíwá àkọ́kọ́.

Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà àtijọ́ Abẹ́òkúta Grammar School. Ẹ má fojú kéré ọgbà yẹn o. Alùfáà I. O. Ransome-Kuti ló ṣe ọ̀gá ilé ìwé náà láti 1932 títí di 1954, ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, sì wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Òun náà ló kó àwọn ìyá wa ọlọ́jà jọ tí wọ́n fi bá owó orí obìnrin jà, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rántí ni bí ìjà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Kútì àti àwọn obìnrin tó kàwé bíi tirẹ̀ ṣí kíláàsì fún àwọn ọlọ́jà tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní A, B, D, ni àwọn ọlọ́jà ń ròyìn ohun tí ojú wọn ń rí fún wọn. Ẹni tó kàwé kọ́ ọlọ́jà, ọlọ́jà náà kọ́ ẹni tó kàwé. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní kí ni ọlọ́jà fẹ́ lọ ṣe ní Yunifásítì, ìyá yẹn ni mo máa ń rántí.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin ni wọ́n kó lọ sí ibùdó wọn gan-an ní ọ̀nà Àlàbàtà, bíi kìlómítà 15 sí àárín ìlú. Hẹ́kítà 10,000 ni ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ hẹ́kítà, kó ro pápá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọ́n tò mọ́ ara wọn, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oko ni, igbó ni, abúlé ló yí i ká. Ilé gbígbé inú ọgbà kò sì kárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n fi ya wá sí Camp àti agbègbè rẹ̀. Láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń du mọ́tò láti wọlé, ẹ ó rò pé ọjọ́ ọjà ni.

Èmi fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn. Tí wọ́n bá dé ọdún kẹrin, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í jókòó sí kíláàsì, oko ni wọ́n ń wà fún ọdún náà, ọkọ́ lọ́wọ́, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tí kò rí ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró rí, ẹ ó rí i tó ń ru ẹ̀fọ́ bọ̀ wá tà fún wa. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ọjà ná rárá. Ẹ̀fọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bomi rin, tó ro, tó wẹ́ èpò rẹ̀, iye tí a bá kọ́kọ́ pè ló ń gbà, torí oòrùn ti mú un, ẹ̀fọ́ sì ti ń rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló yẹ kó kọ́ ọ? Kò sí nínú ìwé. Àwa la mọ̀ ọ́n.

Ti eré ìdárayá wọn náà ń bẹ. Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń bá kọ́lẹ́ẹ̀jì du ife, ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà àti bọ̀ọ̀lì mọ̀ pé ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Èyí tí gbogbo Yunifásítì jọ ń ṣe ni NUGA. 1966 ló bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Yunifásítì Èkó ló sì gbà á lálejò ní 2022. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó sáré, ebi á pa á.

Ọdún 2022 yẹn náà ni ojú wa rí màbo. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì jákèjádò ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sítíráìkì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ti 2020 tó ṣáájú rẹ̀, oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, àrùn Kòrónà wá bá a lórí ìjókòó, ó di oṣù kejìlá kó tó tán. Mi ò sọ pé ẹnì kan ló jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ilé ìwé ju agbára tèmi lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń se ìkòkò ìrẹsì méjì lóòjọ́ bọ́ sí ìdajì ìkòkò, ìdajì náà kò sì tà tán. Ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ ń sá fún alájọ. Àwọn míì jẹ owó ọjà wọn tán pátápátá, wọn ò sì tíì gbérí dòní.

Ọjà ọmọ ilé ìwé, ọjà tó lè dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ti géètì. Tó bá jẹ́ géètì yẹn nìkan ló so wá pọ̀ mọ́ Únáàbù, ọwọ́ wa ṣófo nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́, tí a bá ti rí i gbà, sítíráìkì kò lè gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà dáadáa. Àgbẹ̀ wú ẹ̀gẹ́ lónìí, ó tà á, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò ní kọjá ọjọ́ méjì mẹ́ta tí inú ẹ̀gẹ́ yẹn á ti máa dúdú. Ọwọ́ ta ló wà nígbà yẹn? Ọwọ́ obìnrin. Obìnrin ló ń bó o, ló ń rẹ ẹ́, ló ń jọ̀ ọ́, ló ń fún omi rẹ̀. Fùfú tútù tí kò bá tà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di ti ẹlẹ́dẹ̀. Láfún ẹ̀wẹ̀, orí àpáta àti etí títì la ń sá a sí. Eruku ń bọ́ sí i, èéfín mọ́tò ń fọ́n sí i, ewúrẹ́ ń gorí ẹ̀. Tí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ó bu nìyẹn. Gbogbo àdánù tó wà láàárín oko àti ìkòkò ọbẹ̀, orí wa ló ń bọ́ sí, kì í ṣe orí àgbẹ̀.

Ṣé ẹ wá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wádìí ní Únáàbù gan-an nìyẹn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣọlá Oyèwọlé tó ṣe Gíwá láti 2012 sí 2017, bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú omi wà lára iṣẹ́ ìwádìí tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Fùfú wa yìí! Láfún wa yìí! Wọ́n mọ bí èèyàn ṣe lè fún omi fùfú, kó fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kó lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, tí á pẹ́ lóṣooṣù tí kò ní bàjẹ́, tí òórùn rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ní 2008 iṣẹ́ ńlá kan tún bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́, C:AVA ni wọ́n ń pè é. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló wà nínú ẹ̀: Nàìjíríà, Gánà, Tanzania, Uganda àti Malawi. Nígbà tí abala kejì rẹ̀ fi ń parí ní 2019, Únáàbù ló ń darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ rìn láti ọ̀nà Àlàbàtà dé Malawi, kò rìn dé ìsọ̀ wa.

Kì í ṣe pé wọn ò bìkítà. Wọ́n ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ AMREC, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti gbé ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá rí jáde kúrò nínú ìwé, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú èrò tiwọn, àgbẹ̀ ni oko, oko sì parí síbi tí wọ́n ti di ẹrù sínú mọ́tò. Ìjọba gan-an rò ó bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ yé kọ́ni ní ìṣirò owó, iṣẹ́ báńkì àti káràkátà, pé kí wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ka iyẹn, mo mi orí. Ta ló máa ta ohun tí àgbẹ̀ bá gbìn? Ẹni tó bá yọ ọjà kúrò lára iṣẹ́ àgbẹ̀, kò tíì gbin nǹkan kan rí tó fẹ́ fi jẹun.

Àwọn àgbà kan láàárín wa ní ìyá àwọn ló kọ́ àwọn ní fùfú, pé ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló máa wá kọ́ àwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa. Òótọ́ ni pé kí ìwádìí kankan tó wà ni ẹ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ohun tí ẹ̀yin ń ṣe sì ni wọ́n gbé wọ inú ilé ìwádìí wọn lọ wò. Ìdí tó fi yẹ ká lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ti ọwọ́ wa mú, tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́ sí i, ṣé a ò ní gba tiwa padà ni?

Ẹ̀yin aládìyẹ náà ẹ gbọ́. Wọ́n mú adìyẹ ìbílẹ̀ wa, ohun tó lé ní ogún ọdún ni wọ́n fi ń yan irú tó dára nínú ẹ̀, kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 2018. FUNAAB Alpha lorúkọ ẹ̀. Obìnrin ló ṣáájú iṣẹ́ yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀. Ó ń yé ẹyin ju ti ìbílẹ̀ wa lọ. Mélòó nínú yín ló ti tà á rí?

Mo ní ẹjọ́ kan sọ pẹ̀lú àwọn kan nínú wa, kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, gààrí á gbówó lórí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìsí pé oko gbówó lé e. Ẹ rọra o. A ò lè máa kọ lẹ́tà sí Yunifásítì lọ́wọ́ ọ̀tún, ká máa rẹ́ ọmọ wọn jẹ lọ́wọ́ òsì.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó wàyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi. Owó wà nínú àpò ẹgbẹ́ tí a ní ká fi ra àńkárá tuntun fún ọdún ẹgbẹ́. Tèmi ni pé ká wọ ti èṣí. Kò tíì gbó. Ká fi owó náà rán àwọn tó ń ṣe fùfú àti láfún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́, kí èyí tó bá sì ṣẹ́kù jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ owó ẹ̀rọ ìgbẹ̀gẹ́ kan tí gbogbo wa á jọ máa lò, tí kálukú á máa san díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀ bó bá ṣe lò ó. Ká sọ fún AMREC pé kí wọ́n wá sí ọjà, kì í ṣe abúlé nìkan, kí wọ́n sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin yẹn wá jókòó tì wá ní ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí àwa náà kọ́ wọn ní ọjà ná.

Mo ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà. Bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i ní ìpàdé oṣù yìí, èmi ni màá gbé e lọ sí ọ̀nà Àlàbàtà fúnra mi. Ẹni tó bá fẹ́ wà lára àwọn tó máa lọ kọ́ ọ, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní ìsọ̀ mi kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ, kó wá sọ ọ́ lẹ́nu, màá bá a kọ ọ́.