Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yé fi ayùn rẹ́ ìdí lẹ́ńsì

Àwọn onífótò la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, àti àwọn tó ń bá wọn tún kámẹ́rà ṣe.

Lẹ́ńsì tí àwọn onífótò àtijọ́ fi ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú nílùú wa ṣì wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á gbé e lọ fún alátùn-únṣe, pé kó bá òun sọ ọ́ di èyí tó máa wọ kámẹ́rà tuntun. Alátùn-únṣe á fa ayùn yọ, á rẹ́ ìdí rẹ̀, á yọ irin kékeré tó ń ṣí ojú ihò ìmọ́lẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí mìíràn mọ́ ọn. Ìbàjẹ́ nìyẹn. A ò ní pè é ní àtúnṣe.

Ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀. Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ní iye àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tó jókòó sí àti fíìmù. Ti Nikon F jẹ́ mìlímítà 46.5, ti M42 jẹ́ 45.46, ti Canon EF 44, ti Canon FD àtijọ́ 42. Bí ayùn bá jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ díẹ̀ báyìí, apá kan fótò á mọ́ ketekete, apá kejì á ṣú.

Kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú kò fẹ́ àyè púpọ̀: Sony E 18, Canon RF 20, Nikon Z 16. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ńsì Nikon F sórí Sony E, òrùka mìlímítà 28.5 ló máa dí àyè tó ṣẹ́kù. Òrùka lásán ni, kò sí gíláàsì nínú rẹ̀. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ìdí lẹ́ńsì rárá.

Wọ́n á ní FD kò lè wọ Canon EF. Òótọ́ ni, 42 kéré sí 44, Canon fúnra rẹ̀ ló sì yí ìdí kámẹ́rà rẹ̀ padà lọ́dún 1987. Ṣùgbọ́n FD yẹn kan náà wọ Sony E pẹ̀lú òrùka mìlímítà 24. Ẹ tọ́jú rẹ̀ títí owó kámẹ́rà á fi pé.

Wọ́n á tún ní òrùka lásán kì í jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá ojú ohun tí à ń yà. A gbà. Fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó kíkankíkan, ẹ lo lẹ́ńsì tuntun. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó jókòó jẹ́ẹ́ kò ní sá lọ. Ẹ fọwọ́ yí i. Bí kámẹ́rà bá kọ̀ láti yà, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ láìsí lẹ́ńsì.

Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ ìdí, èyí tí wọ́n fi síkírù dè ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tọ́jú ìdí àtijọ́ pẹ̀lú síkírù rẹ̀. Ohun tí a tú ṣeé dá padà. Ohun tí ayùn jẹ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin alátùn-únṣe, ẹ máa sọ òtítọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè òrùka kí ẹ tó gba ayùn láàyè.