Ibi Tí A Ó Ti Yí Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-Àjò sí Ilẹ̀ Gbígbẹ Àríwá

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí eruku sì ti bo ewé ọ̀pẹ lẹ́bàá títì láti Ṣakẹ́tẹ́ dé Pọ́bẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Yoko a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Wọ́n ti rí kìnnìún àti iyanrìn aṣálẹ̀ nínú fóònù, wọ́n sì fẹ́ fi ojú ara wọn rí i. Wọn a ní: "Prof, ìgbà wo lẹ máa mú wa lọ sí ọgbà Pendjari? Ṣé a kò lè gba ibẹ̀ dé Niger?" Ìbéèrè tó dára ni. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹrù, ìbéèrè mẹ́ta wà tí a gbọ́dọ̀ dáhùn: omi wo ni a ó mu, ta ni ó mọ ọ̀nà, níbo ni a ó sì ti yí padà? Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọgbà ẹranko ìjọba méjì ni ó wà ní ìkángun àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Pendjari wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, lókè Tanguiéta. Ní 1961 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ọgbà W wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Láti 1954 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Niger àti Burkina Faso ni wọ́n sì jọ ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí ọgbà fi ń jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Odò Ọya ni ó lọ́ síwá, tí ó lọ́ sẹ́yìn níbẹ̀, títí ó fi ya àwòrán W sórí ilẹ̀. Odò tí àwọn baba wa ń fi orúkọ aya Ṣàngó pè, òun náà ni àwọn ará Niger ń mu lókè lọ́hùn-ún.

Ní 2017, àjọ UNESCO ka W, Pendjari àti ọgbà Arly ti Burkina Faso pọ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí ni kìnnìún ti pọ̀ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, erinmi náà kò gbẹ́yìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ènìyàn ń rí wọn dáadáa, nítorí pé omi ti gbẹ nínú igbó, gbogbo ẹranko a sì máa wọ́ lọ sí etí àwọn adágún díẹ̀ tó kù, bí adágún Bali ní Pendjari. Ẹ kíyè sí i: òùngbẹ tó ń fi ẹranko han àlejò, òùngbẹ náà ni ó lè pa àlejò tí kò múra.

Síbẹ̀, méjèèjì kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ koríko àti igi díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá ń wá aṣálẹ̀ gan-an, iwájú ni yóò máa lọ, títí yóò fi dé Aïr àti Ténéré ní àríwá Niger, ilẹ̀ tí UNESCO gbà sínú ìwé ní 1991, tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ní 1992. Ó lé ní 77,000 kìlómítà níbùú lóròó: bí a bá pín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó tó ìdá méjì nínú rẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo wà ní Ténéré nígbà kan, tí àwọn oníràkúnmí fi ń ṣe àmì ọ̀nà. Gbòǹgbò rẹ̀ wọ ilẹ̀ ju mítà 30 lọ kí ó tó kan omi. Ní 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó wó. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, wọ́n sì ri igi onírin mọ́ ipò rẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní àmì tí yóò máa wò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó le dé, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọmọdé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì ará Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ wa tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Faransé rí àwọn àlejò náà gbà padà ní Burkina Faso, ṣùgbọ́n méjì nínú ọmọ ogun wọ̀nyẹn kò padà délé. Ní oṣù kejì 2022, àdó olóró tí wọ́n rì sójú ọ̀nà pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ní W. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2025, ìjọba sọ pé ọmọ ogun wa 54 ni wọ́n pa ní àgbègbè kan náà. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n jókòó ní kíláàsì bí ẹ̀yin náà ti ń jókòó. Ní ti Niger, láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba níbẹ̀ ní oṣù keje 2023 ni ọ̀rọ̀ ẹnubodè Malanville ti dàrú. Nítorí náà, Pendjari, W àti Ténéré kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan yóò dá ọjọ́ sí ní àkókò yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kan, ẹ má tẹ̀ lé e.

Àwọn kan yóò ní ojo ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ìdíje ọkọ̀ Paris–Dakar, tí ó ti ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ìparí 1978. Ní oṣù kìn-ín-ní 2008, ọkọ̀ ti pé sí Lisbon, owó ti bọ́, àwọn awakọ̀ ti múra tán. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò gbéra gan-an, àwọn olùṣètò fagi lé e nítorí ewu tó wà ní Mauritania, níbi tí wọ́n ti pa ará Faransé mẹ́rin ní oṣù tó ṣáájú. Ní 2009, wọ́n gbé ìdíje náà lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìdíje kò kú. Ọ̀nà ni ó yí padà.

Ọ̀nà ni kí àwa náà yí padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi Pàràkú ṣe òpin ìrìn-àjò wa. Láti Yoko, a ó gba Ṣakẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́, a ó kọjá Kútọnu àti Bohicon, a ó sì sùn ní Ìdáàṣà, láàárín àwọn òkè rẹ̀. Ní Ìdáàṣà ni títì ti pín: ti òsì gba Savalou àti Djougou lọ sí Natitingou, ti ọ̀tún gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Pàràkú àti Malanville. Ti ọ̀tún ni a ó tọ̀. Ní Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Yoko yóò gbọ́ èdè baba rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ rí, pẹ̀lú ohùn mìíràn. Bí a ti ń lọ, ọ̀pẹ yóò máa dín, igi ẹmi, irúgbá àti oṣè yóò máa pọ̀. Àwa tí òjò ń rọ̀ fún ní ìgbà méjì lọ́dún yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń rọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ojú rí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí aṣálẹ̀ jẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ ńkọ́? Nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣírò lítà omi 5 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ènìyàn 20 fún ọjọ́ mẹ́ta, lítà 300 nìyẹn, bídọ̀ onílítà 25 méjìlá. A kò ní ru gbogbo rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kí a mọ ibi tí a ó ti máa pọn ọ́n. Kí bídọ̀ náà má sì ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n fi gbé epo kpayo rí. Ẹ̀yin ará ẹnubodè, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kí táyà àfirọ́pò jẹ́ méjì. Kí awakọ̀ sùn lóru, kí ọkọ̀ náà sì sùn. Kí a béèrè ní ilé ìwòsàn nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára méningite, nítorí àrùn náà máa ń jà ní àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ìwé ìdánimọ̀ pé, kí òbí fọwọ́ sí ìwé, kí orúkọ gbogbo wa àti ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Yoko.

Lẹ́yìn náà ni kí a kọ ibi ìyípadà sínú ètò, ní dúdú lórí funfun. Àkọ́kọ́: bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí a kò tíì rí ibi tí a ó sùn lọ́ọ̀kán, ìlú tó bá sún mọ́ wa jù ni a ó sùn. Ìkejì: ní alaalẹ́, a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn onílé wa bí ọ̀nà ọ̀la ti rí, nítorí pé abèèrè kì í ṣìnà. Ìkẹta: bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn àgbà tó bá wa lọ bá sọ pé "Ẹ jẹ́ ká padà", a ó padà, a kò sì ní bi í ní ìdí títí a ó fi délé. Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí owó bá ti bọ́, tí orin sì ti ń dún nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ abayọ̀jẹ́. Ilé ni kí a ti pinnu rẹ̀, nígbà tí ara ṣì tutù.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí pe àríwá ní ilẹ̀ búburú. Àwọn ará Tanguiéta àti Natitingou kọ́ ni wọ́n dá ewu yìí sílẹ̀, àwọn ni ó sì kọ́kọ́ ń jẹ: afinimọ̀nà tí kò rí àlejò mú wọ ọgbà mọ́, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún arìnrìn-àjò. Títí ọ̀nà yóò fi là, ìwé lè dé ibi tí ọkọ̀ kò dé. Kí kíláàsì kan níhìn-ín kọ lẹ́tà sí kíláàsì kan ní Natitingou, ní èdè Faransé tí a jọ gbọ́, kí a fi orúkọ igi àti ẹranko wa ní Yorùbá kún un, kí àwọn náà fi tiwọn ránṣẹ́. Nígbà tí ọgbà bá ṣí padà fún wa, a kò ní lọ bí àjèjì.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú igbó Pọ́bẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: kí a gbé omi, kí a ka ara wa, kí a yan ẹni tí yóò sọ pé ó tó. Bí a bá lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu nítòsí ilé, a ó lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu ní Pàràkú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.