Àlejò Létí Odò Wa

Ìran Okun kì í fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣeré. Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá dé Ìsánlú, bí àlejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń fún un, obì ni ó tẹ̀ lé e, kí iyán tó dé. Orúkọ tí àwọn ará ìta fi ń pe Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ lápapọ̀ pàápàá, inú ìkíni ni a ti mú un jáde. "Okun" ni a fi ń kí ara wa, Okun náà ni wọ́n sì fi ń pè wá. Ìran tí ìkíni di orúkọ rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ àlejò í ṣe.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọ̀yàyà wa kì í dé. Etí odò ni. A ó fi òkè han àlejò, a ó fi ààfin Ọbaró hàn án, a ó mú un dé oko lọ wo iṣu lórí ebè. Ṣùgbọ́n kí ó sọ pé òun fẹ́ ju ìwọ̀ sínú odò wa, kí òun náà mọ bí ẹja ti ń fa okùn, ojú wa a yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ló rán ọ wá? Ta lo mọ̀ ní ìlú yìí? Èló lo mú dání? Bí kò bá rí ẹni dáhùn fún un, ilé ni yóò padà sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ìwà yìí kò dára, kò sì ṣe odò wa ní àǹfààní kankan. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí kò pa ẹja rí lè fi ọjọ́ kan gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí àlejò, láìsí owó, láìsí wàhálà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ àlejò tí à ń sọ. Kì í ṣe ẹni tó kó àwọ̀n ọgbọ̀n wá láti wá gbá odò. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Èkó àti Àbújá ni, tí wọ́n ń tẹ̀ lé bàbá àti ìyá wọn wálé ní ọdún Kérésìmesì, tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó sí ìdí tẹlifísọ̀n bí ẹni tí kò kúrò ní ìgboro. Àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán wá sìn ní àárín wa ni. Olùkọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni, àti àna wa tó fẹ́ ọmọ wa. Àwọn wọ̀nyí kò wá gba ohun ìní ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ wá ni.

Èsì àkọ́kọ́ tí àwọn kan máa ń fọ̀ ni pé ẹja pípa kì í ṣe iṣẹ́ wa. Wọ́n ní àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wá, pé iṣẹ́ àwọn Kakanda àti Nupe tó ń gbé etí odò Ọya ni ẹja pípa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ará Kede, tí í ṣe ẹ̀yà Nupe kan, fi odò Ọya ṣe ilé àti ọ̀nà débi pé ìjọba wọn gan-an, orí omi ni ó dá lé, S. F. Nadel kọ àpilẹ̀kọ nípa wọn ní 1940. Ṣùgbọ́n èdè ẹni kì í parọ́ mọ́ni. Ìwọ̀, ìdẹ, ìgèrè, àwọ̀n: èwo nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Àrọ̀, èpìyà, ọ̀bọ̀kún: ta ló sọ wọ́n lórúkọ fún wa? Ẹni tí kò bá ohun kan lò rí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn ìran tó ṣáájú wa mọ omi. Àwa la fẹ́ gbàgbé.

Bí ó bá sì jẹ́ ìtàn ni a ń wá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Òṣogbo. Ìtàn ìlú náà sọ pé Làróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí odò Ọ̀ṣun, gbé oúnjẹ fún odò, pé ẹja ńlá kan sì jáde wá bá ọba náà, tí ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oyè Àtáọ́ja, èyí tí í ṣe "a tẹ́ ọwọ́ gba ẹja". Ẹ wò ó dáadáa: nínú ọ̀kan nínú ìlú olódò tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò tí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni odò fi ẹja lé lọ́wọ́, májẹ̀mú ìlú sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí Ọ̀ṣun kò bá lé àlejò kúrò létí omi, kí ló dé tí àwa ń lé e?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde báyìí, yóò ní a kì í pa ẹja nínú odò Ọ̀ṣun ní igbó òrìṣà rẹ̀ ní Òṣogbo. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Igbó náà, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún gbogbo ayé ní 2005, kò gba ìwọ̀, kò gba àwọ̀n. Mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ibú tí àwọn bàbá wa yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá ní ẹ̀kọ́ yóò bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a fi orúkọ òrìṣà bo owó gbígbà mọ́lẹ̀. Odò tí a ní ó jẹ́ èèwọ̀ fún àlejò ní òwúrọ̀, tí èèwọ̀ náà sì ká kúrò ní ọ̀sán nígbà tí ó ki ọwọ́ bọ àpò, èèwọ̀ wo nìyẹn? Àwọn géńdé tó ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà odò tí wọ́n ń bèèrè owó ilẹ̀, ta ló rán wọn? Òrìṣà kò rán wọn, ọba kò rán wọn.

Èsì kejì ni pé bí a bá gba àlejò láyè, wọn yóò pa ẹja tán. Èyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé àwọn tó ń sọ ọ́ mọ ohun tó ń pa ẹja odò wa. Kì í ṣe ìwọ̀. Oògùn olóró ni. Gammalin 20, tí a ṣe fún kòkòrò inú oko kòkó, ni àwọn kan ní orílẹ̀-èdè yìí ń dà sínú omi, tí ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, ọmọ ẹja àti alákàn ń léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ tà fún ènìyàn jẹ. Lindane ni èròjà inú oògùn yìí, òun sì ni àdéhùn Stockholm fi sí ara àwọn ohun tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2009. Ẹni tó jókòó sórí òkúta láti àárọ̀ dé ìyálẹ̀ta pẹ̀lú ekòló kan lẹ́nu ìwọ̀, tí ó mú èpìyà méjì, kò ba odò jẹ́. Ẹni tó da májèlé sódò ní òru ló bà á jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ará ilé ni, kì í ṣe àlejò.

Ẹ tún jẹ́ kí a bèèrè pé, ta ni yóò mú ẹni tó ń da májèlé? Ẹni tó mọ odò ni. Ọmọ tó ti mú ẹja nínú odò kan rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kò ní dákẹ́ bí ó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ba odò náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a lé sẹ́yìn nígbà tó sún mọ́ omi, kí ló kàn án? Ní ojú tirẹ̀, odò kò yàtọ̀ sí gọ́tà. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá di kọmíṣọ́nnà lọ́la, tí wọ́n gbé ìwé wá pé kí ó fọwọ́ sí ohun tí yóò ba odò Òyì tàbí odò Kámpè jẹ́, yóò fọwọ́ sí i láìgbé orí sókè. Ìpínlẹ̀ Kogí, tí a dá sílẹ̀ ní 1991, ń fi ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja yangàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ náà ni yóò pé ogún ọdún láì fọwọ́ kan ìwọ̀ rí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ti sọ ọ́ léraléra pé ẹja tí Nàìjíríà ń wá lọ́dún ju mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ, pé èyí tí a ń rí nílé kò sì tó ìdajì rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ebi ẹja ń pa tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tọ́ ọmọ tí kò mọ ibi tí ẹja ti ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé gbígba àlejò àti dídáàbò bo odò kò lè rìn pọ̀, kí ó wo Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ka ọdún ẹja pípa ibẹ̀ ní ìrísí tó ní lónìí, ọdún tí Súlútáànù Ṣókótó ṣe àbẹ̀wò sí ìlú náà, tí ìbẹ̀wò ọ̀hún sì fi òpin sí ìkùnsínú ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín ìhà méjèèjì. Àlejò, àní ẹni tó ti jẹ́ ọ̀tá rí, ni wọ́n fi ẹja pípa yẹ́ sí. Odò Matan Fada kò sì ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n a tì í títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé, ìdílé Sarkin Ruwa ni ó sì ń ṣọ́ omi náà. Ní ọjọ́ náà, akèrègbè àti àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Ọdún náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2009, ó tún padà ní 2020. UNESCO ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2016. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlú tó mọ odò rẹ̀ ṣọ́ ni ó lè gba àlejò, ìlú tó sì gba àlejò ni ó ń rí ìdí tí yóò fi ṣọ́ odò rẹ̀.

Àwọn ìlú òkèèrè kò ṣe é lọ́nà kan ṣoṣo. Ní Finland, ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀pá ìwọ̀ lásán pa ẹja láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń san owó ìwé àṣẹ, ọjọ́ kan tàbí méjì wà lọ́dún tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún tẹrútọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní ìwé àṣẹ lè gba ti ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀rẹ́ tí kò pa ẹja rí, kí wọ́n jọ lọ. N kò sọ pé kí a ṣe bí òyìnbó. Mo ń sọ pé ó yẹ kí ojú ti ìran tó ń pe ara rẹ̀ ní olùgbàlejò bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí a ń pè ní aláìbìkítà ni wọ́n ń ṣe ohun tó yẹ kí a fi kọ́ wọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Òfin mẹ́rin péré tó: àlejò kan, olùgbàlejò kan, ìwọ̀ kan, ọjọ́ kan. Kí àlejò má dá lọ. Kí ọmọ ìlú kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mú un lọ, kí ó sì sọ fún baálẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Olùgbàlejò yìí ni yóò fi ibi tó jìn hàn án, òun ni yóò sọ ibú tó jẹ́ ti òrìṣà fún un. Ìwọ̀ nìkan ni kí ó lò, kì í ṣe àwọ̀n, kì í ṣe ìgèrè. Kí ó dá ẹja wẹ́wẹ́ padà, kí ó mú ìwọ̀nba tí yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó jẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, nítorí pé ìgbà òjò ni àrọ̀ ń wọ inú àbàtà lọ yé ẹyin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni àwọn ọmọ wa ń wálé. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀. Bí ó bá wù ú láti padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà náà ni kí ó lọ jókòó pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn apẹja, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ń dán an wò mọ́. Ní Ìsédò Omi lórí odò Kámpè ní ilẹ̀ Yàgbà, èyí tí a ṣe fún bíbomirin oko, kò ní ṣòro kí a ya apá kan etí omi sọ́tọ̀ fún irú nǹkan báyìí.

Àwọn kan yóò mẹ́nu ba àwọn ajínigbé. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ẹni tó ń rin ọ̀nà ilẹ̀ wa ní ọdún àìpẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn gan-an tí olùgbàlejò fi ṣe pàtàkì. Àlejò tí a kò mọ̀ tó dá jókòó sétí omi ni ewu ń bẹ fún, òun náà ni ará abúlé ń fura sí. Àlejò tí baálẹ̀ mọ̀, tí ọmọ ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú mẹ́wàá ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn apẹja Kakanda àti Nupe náà kò ní pàdánù: ọ̀pá ìwọ̀ kan kò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọ̀n.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa onílé ni a ní ojú tí yóò fi ríran létí omi. Bí a kò bá yá a lò, tí a kàn ń fi lé e lọ, ojú tiwa náà yóò fọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò fi han ẹlòmíràn ni a ń gbàgbé. Mo ń bẹ àwọn ọba wa, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn olórí ẹbí: kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé, ẹ jókòó, ẹ fẹnu kò sórí òfin mẹ́rin yìí, ẹ sì lé àwọn agbowó kúrò lójú ọ̀nà odò. Bí àlejò bá bèèrè ohun tó yẹ kí òun mú wá, kí ẹ dá a lóhùn pé ekòló nìkan ni.