Fèrè Tí Kò Lè Pe Ọ̀ràngún

Ìjà ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ fèrè ló fà á.

Ní ìparí ọdún tó kọjá ni mo gbé fèrè onípáànù tuntun kan lọ sí ìlú wa, Ìlá-Ọ̀ràngún, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tin whistle. Ó lé ní 200 dọ́là, nítorí gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló sọ pé ẹni tó ti ń fọn fèrè fún ogún ọdún kò gbọdọ̀ ra èyí tí kò gbówó lórí. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì fọn orúkọ oyè ọba wa: Ọ̀ràngún Ìlá. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbójú sókè níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Àkànní, Àdùkẹ́ wo ló ń ta ilá lálẹ́ yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa àmì ohùn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀ràngún: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Àdùkẹ́ náà nìyẹn. Ìlá tí í ṣe ìlú, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ló fi parí. Ilá tí a fi ń jẹ àmàlà, ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí a ń fà sórí ìwé, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì ni. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í kíyè sí ni pé bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, ẹnu wa kì í fò bí ẹni fo kòtò. Ohùn náà máa ń yọ́ gòkè lórí sílébù kejì ni. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé òkè, yóò yọ́ sọ̀kalẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, fèrè tí yóò sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ lè yọ́. Fèrè olówó gọbọi tèmi kò lè yọ́. Ihò rẹ̀ kéékèèké, èémí tó sì ń fẹ́ kò pọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n láti orí ìró kan sí èkejì, ń ṣe ló ń já bí okùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn olùdámọ̀ràn wa jà. Wọ́n ní, "Bí o bá ti mọ̀ ọ́n fọn, èyí tó wọ́n jù ni kí o rà." Kí ni owó tó lé náà ń rà? Iṣẹ́ ọwọ́ àtàtà, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ohùn tí wọ́n tọ́ fún orin ijó Ireland tó ń sáré. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi Ọ̀ràngún Ìlá dán an wò kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́.

N kò sọ pé kí ẹ wá lọ ra èyí tó pọ̀ jù lọ́jà. Fèrè 10 tàbí 15 dọ́là lè dára. Ó sì lè jẹ́ pé méjì láti inú páálí kan náà kò ní í bá ara wọn mu. Ẹnu èyí tó pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò ṣeé fà jáde, kò ṣeé tì wọlé. Ibi tí ìyà ti ń jẹ wá gan-an nìyẹn, nítorí ooru. Bí afẹ́fẹ́ inú fèrè bá gbóná sí i, ohùn rẹ̀ yóò ga sí i. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ibi tí wọ́n ti ṣe fèrè náà lọ, ìró rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdámẹ́ta àlàfo tó wà láàrin ìró méjì tó sún mọ́ra jù lórí dùùrù ga sókè. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlá lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, níbi tí kíbọ́ọ̀dù kò ti mọ ooru, ẹ ó rí bí ojú àwọn akọrin yóò ṣe rí. Fèrè tí owó rẹ̀ wà láàrin 50 sí 120 dọ́là sábà máa ń ní ẹnu tó ṣeé fà jáde díẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ra nìyẹn. Ẹ tún yẹra fún èyí tí ìdènà ẹnu rẹ̀ jẹ́ igi, bí ó tilẹ̀ lẹ́wà: ọyẹ́ yóò sún un kì, òjò yóò mú un wú.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní kí ló kan ọmọ Ìgbómìnà pẹ̀lú fèrè Ireland, àfi ká padà sí fèrè oparun. Fèrè oparun dára, mo ní méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Robert Clarke tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fèrè onípáànù tà ní 1843. Àwọn ará Ireland gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Láàrin 1950 sí 1960, àwọn ọ̀dọ́ Johannesburg mú fèrè Hohner ti Jámánì, wọ́n dorí ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láàrin ètè, wọ́n sì fi fọn orin kwela. Spokes Mashiyane di olókìkí nídìí rẹ̀. Ẹ wo ìtòsí wa níbí: Ọ̀fà ni wọ́n bí I. K. Dairo sí, ẹni tó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Ta ló tún ń bínú sí àkọ́díọ̀nù lónìí?

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní kò sí fèrè tó lè ya Ọ̀ràngún sọ́tọ̀ kúrò lára Àdùkẹ́, Àyìndé àti èmi Àkànní, nígbà tí ohùn gbogbo wa jẹ́ ọ̀kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dùndún náà ní ìṣòro yìí, a kò sì tìtorí rẹ̀ gbé dùndún kọ́ sí àjà. Àwọn àyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti orúkọ lẹ́yìn títí yóò fi dá yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé Ọ̀ràngún ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Bí fèrè bá wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà di ilá, ọba ti di ìyá ọlọ́jà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oyè náà ti wúwo tó, kí ó wá ìwé Yoruba Sacred Kingship, tí John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan gbé jáde ní 1996. Ọba Ìlá gan-an ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń yan fèrè nísinsìnyí. N kì í fọn orin kankan. Bí ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dí ihò, mo gbà á sí ohùn ìsàlẹ̀. Ìka mẹ́rin, àárín. Ìka méjì, òkè. Èmi á wá fọn Ìlá, ilá àti ìlà láìtò ó, nígbà mẹ́wàá, kí n máa ká ìka kúrò díẹ̀díẹ̀ níbi tí ohùn ti yẹ kó yọ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò kọ ẹ̀yìn sí mi, yóò máa sọ èyí tó gbọ́. Bí ó bá ṣì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo dá fèrè padà fún ọlọ́jà. Mo tún fẹ́ràn èyí tó wà ní kọ́kọ́rọ́ B-flat ju ti D tí gbogbo ayé ń rà: ohùn rẹ̀ kò hanni létí, ó sì bá fèrè idẹ ṣọ́ọ̀ṣì mu.

Mo ti ta èyí tó wọ́n náà fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fọn orin Ireland, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹ̀yìn. Dọ́là 85 ni mo ra B-flat tí mo ń lò báyìí. Lóṣù tó kọjá mo dúró lẹ́yìn ilé ní Ìlá, mo fọn Ọ̀ràngún Ìlá. Màmá dáhùn láti inú yàrá, "Kábíyèsí o!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ gbé nǹkan náà pamọ́, àwọn fẹ́ sùn.