Ẹni tí ń Fẹsẹ̀ Sọdá Títì ní Òkóta

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èrò ti ń kún oríta Cele. Níbẹ̀ ni títì Òkóta ti já sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó so Àpápá pọ̀ mọ́ Òṣòdì, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ará Òkóta ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tí ń lọ sí Òṣòdì kò lè rí ọkọ̀ wọ̀ ní ìhà Òkóta, nítorí pé apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Àfi kí ó sọdá sí òdìkejì. Bákan náà ni ẹni tí ó ti Mile 2 bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò sọ̀kalẹ̀ ní òdìkejì, tí yóò sì tún sọdá kí ó tó dé ilé.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè ṣàìrí àwọn tí yóò dúró létí títì, tí wọn yóò di ọrùn ọwọ́ ọmọ mú ṣinṣin, tí wọn yóò máa wo ọkọ̀ títí àyè díẹ̀ yóò fi ṣí, tí wọn yóò sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìwà náà burú. Ọkọ̀ tí ó ń sá ìwọ̀n kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí awakọ̀ tó rí ènìyàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ọkọ̀ ti rìn jìnnà. Bí ó bá wá jẹ́ tírélà tí ó ru ẹrù wá láti èbúté Àpápá ńkọ́? Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Kò sí ohun tí ẹni tí ó sáré ń jèrè ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tí ń bá ẹlẹ́sẹ̀ wí ti ń dá ọ̀rọ̀ dúró kọ́ ni ó yẹ kí ó parí sí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, wọ́n ní aláìgbọràn ni. Ǹjẹ́ aboyún tí ó gbé ọmọ mìíràn pọ̀n ni ọ̀lẹ? Ǹjẹ́ arúgbó tí orúnkún ń dùn, tí yóò gun àtẹ̀gùn gíga tí yóò sì tún sọ̀ ọ́, ni aláìgbọràn? Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò tilẹ̀ lè gùn ún rárá. Bí àwọn ọlọ́jà bá sì pàtẹ lórí afárá, tí iná kò sí níbẹ̀ lálẹ́, ẹ̀rù olè yóò máa ba obìnrin tí ó dá rìn ju ẹ̀rù ọkọ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti mú àwọn tí ó bá kọ afárá sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú ènìyàn nítorí afárá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbá afárá náà, kí ó sì tan iná sí i.

Nínú Òkóta fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Ní Ago Palace Way, níbi tí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtura ti to lọ bẹẹrẹ, kò sí bí a ṣe lè ṣe afárá sí gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń sọdá. Ilà funfun ojú títì ni ó yẹ irú ibẹ̀, ìyẹn ilà tí a fi ara ẹranko abilà sọ lórúkọ. Ní ọdún 1951 ni òfin ilà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dà funfun kọ́ ni ó ní agbára. Òfin ni, tí ó wí pé bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti bọ́ sórí ilà, kí awakọ̀ dúró. Ìwé òfin ojú pópó ti Nàìjíríà náà wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó, bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kan ilà, fèrè ni awakọ̀ dánfó yóò fi dá a lóhùn.

Ìwé àtijọ́ a máa kọ́ ọmọ iléèwé pé kí ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún kí ó tó sọdá. Ẹ̀kọ́ náà yẹ nígbà tí ọkọ̀ ń gba apá òsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún, láti ìgbà náà sì ni ó ti yẹ kí a kọ́kọ́ wo òsì. Níbo ni kí ọmọ Òkóta wá kọ́kọ́ wò, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba òdì ọ̀nà bọ̀ wá bá a láti ẹ̀yìn? Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Èyí fi hàn pé òfin kò ṣòro láti ṣe fún ohun tí ń gun táyà, bí ìjọba bá fẹ́.

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Àjọ LASTMA ti wà láti ọdún 2000, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì máa dúró ní oríta. Ohun tí ojú wọn ń wò jù ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: ta ni ó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ mìíràn? Bí wọ́n bá lè fi irú ojú kan náà wo awakọ̀ tí ó kọ̀ láti dúró fún ọmọ iléèwé lórí ilà, tí wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró sí ibi tí kò yẹ, kò ní pẹ́ tí àwọn awakọ̀ yóò fi mọ ohun tí a ń fi ilà náà ṣe. A lè bẹ̀rẹ̀ ní iwájú àwọn iléèwé nìkan, ní wákàtí tí ọmọ ń wọlé àti wákàtí tí ó ń jáde. Òṣìṣẹ́ méjì tó fún iléèwé kan.